Eyín onírin kì í jẹrà, èrìgì tó dì í mú ló ń jẹrà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ń jẹ owó, ó ń jẹ egungun, kì í sì í pariwo tó bá ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ èrìgì ni, pàápàá jù lọ èrìgì àwọn tí dókítà bá gbin eyín sí lẹ́nu.

Ìyá àgbàlagbà kan ló jẹ́ kí n mú kálámù. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ló ń gbé. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní í dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ṣàkíyèsí pé bó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, ńṣe ló máa ń fi etí gèlè bo ẹnu. Mo ní, "Yèyé, kí ló dé tẹ́ ẹ ń bo ẹnu?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá ló wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ẹnu mi ń rùn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í fẹ́ jókòó tì mí mọ́."

Mo ní kí wọ́n lanu, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eyín méjì kan wà nísàlẹ̀ tó funfun ju àwọn tó kù lọ. Ṣùgbọ́n èrìgì tó yí wọn ká pọ́n bí ojú ata, ó wú, ìdọ̀tí líle kan sì ti gan mọ́ ìdí wọn bí ẹ̀ẹ́pá. Bí mo ṣe fi òwú kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní rárá, kò dun àwọn rí.

Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun ló ní kí wọ́n wá bá òun tọ́ ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọmọ rí i pé ìyá òun kò rí eyín fi jẹ ẹran mọ́. Ó kó owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún mélòó kan jáde, ó sì ní kí dókítà gbin eyín méjì fún wọn. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Yèyé padà sílé, wọ́n ń jẹ iyán, wọ́n ń jẹ ẹran, inú wọn ń dùn. Ó wá di ọdún kẹrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ lára pákò. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn ò fi pákò kan ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Irin ni wọ́n fi ṣe é, kò lè jẹrà. Kí n má lọ fi pákò mì í tu."

Ìdajì ọ̀rọ̀ Yèyé tọ̀nà, irin ibẹ̀ kì í jẹrà lóòótọ́. Ìdajì kejì ló fẹ́ẹ̀ gba eyín méjèèjì lọ́wọ́ wọn.

KÍ NI EYÍN ÀGBÌN YÌÍ?

Kì í ṣe eyín tí à ń yọ sínú ife omi lálẹ́, tí à ń fi padà sẹ́nu láàárọ̀ ni mò ń wí. Èyí táwọn dókítà ń pè ní implant ni, èmi yóò máa pè é ní eyín àgbìn. Irin kékeré kan tó rí bíi súkúrù ni dókítà eyín máa yí wọ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí eyín ti yọ. Titanium ni wọ́n ń pe irin náà. Wọ́n á fún un ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí egungun lè dì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé orí eyín funfun lé e.

Ará Sweden kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark ló ṣe àwárí rẹ̀. Ní ọdún 1952, ó ń wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú egungun ehoro, ó sì fi ohun èlò kan tí wọ́n fi titanium ṣe bọ inú egungun náà. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́, egungun ti dì mọ́ ọn pinpin. Ọdún 1965 ló fi í sẹ́nu ènìyàn. Gösta Larsson lorúkọ ọkùnrin náà, wọ́n bí i pẹ̀lú àléébù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Nígbà tí Larsson fi máa kú ní ọdún 2006, àwọn irin yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n jẹun. Ó lé ní ogójì ọdún. Ìyẹn ni pé bí a bá tọ́jú eyín àgbìn dáadáa, ó lè bá ènìyàn dalẹ́.

Nílẹ̀ wa níbí náà, wọ́n ń gbìn ín láwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn àti LUTH l'Ékòó, àwọn dókítà aládàáni kan náà ń ṣe é. Owó gidi ló ń ná ènìyàn. Kódà nílùú ọba, NHS kì í sábà san owó rẹ̀, àfi fún irú ẹni tí jẹjẹrẹ tàbí jàǹbá bá ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́. Torí náà, bí ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún bá ṣe é fún yín, ẹ mọ̀ pé láti inú àpò ara rẹ̀ ló ti wá.

ÒPÓ ÀTI Ọ̀GBÀRÁ

Ẹni tó bá mọ ìlú Ẹ̀fọ̀n dáadáa, tó mọ bí àwọn òkè ṣe yí i ká, yóò mọ ohun tí ọ̀gbàrá ń ṣe. Ẹ ri òpó irin mọ́lẹ̀, ikán ò lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gbàrá bá ń wọ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò dí i, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òpó náà yóò yẹ̀ lulẹ̀. Kì í ṣe pé irin bàjẹ́, ilẹ̀ tó dì í mú ló lọ. Bí ọ̀rọ̀ eyín àgbìn ṣe rí gan-an nìyẹn. Egungun àti èrìgì ni ilẹ̀ rẹ̀.

Eyín tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ní gbòǹgbò, àwọn okùn tín-ín-tín ló sì so gbòǹgbò náà mọ́ egungun. Èrìgì pàápàá so mọ́ ara eyín gbágbágbá. Eyín àgbìn kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni èrìgì kàn yí i ká bí ọrùn ẹ̀wù ṣe ń yí ọrùn ènìyàn ká. Bí kòkòrò àìfojúrí bá wọ ibẹ̀, kò sí ohun púpọ̀ tó lè dá a dúró kó tó dé egungun.

Ohun kejì nìyí, òun ló sì tan Yèyé jẹ. Àwọn okùn eyín yẹn ló ń jẹ́ ká tètè mọ̀ bí a bá ge òkúta nínú ìrẹsì. Eyín àgbìn kò ní wọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè dunni. Egungun lè ti máa jẹ lábẹ́, kí ẹni tó ni ẹnu máa rẹ́rìn-ín kiri.

Ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí máa ń gbà wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́, ìdọ̀tí oúnjẹ àti kòkòrò á lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, á máa yọ̀ bí ikun. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, á le bí òkúta. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí a bá mójú tó o nígbà yìí, èrìgì á padà sípò, kò ní í sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, ó kù sọ́wọ́ egungun nìyẹn. Egungun tó bá sì ti jẹ kì í dá hù padà fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ MÁA WÒ

Ẹ máa lo díńgí àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ojú yín kò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín kó wò ó fún yín. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò nìwọ̀nyí:

Ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò, ì báà jẹ́ díẹ̀. Èrìgì tó pọ́n tàbí tó wú ní ìdí eyín náà. Ẹnu tó ń rùn tàbí tó ń korò bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ọyún tó ń jáde bí a bá fi ìka tẹ èrìgì. Èrìgì tó ń sún lọ sísàlẹ̀, tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ìparí rẹ̀ wá ni kí eyín máa mì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de mímì kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nígbà mìíràn, orí eyín funfun nìkan ló lè máa mì nítorí pé súkúrù tó dì í mú tú díẹ̀, ìyẹn kò le láti tún ṣe. Àmọ́ nígbà mìíràn, irin inú egungun ló ń mì. Dókítà eyín nìkan ló lè fi àyẹ̀wò àti fọ́tò egungun mọ èyí tó jẹ́. Ẹ má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ o!

ÀWỌN TÓ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA JÙ

Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kì nílọ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara kì í lè bá kòkòrò jà bó ṣe yẹ, ojú ọgbẹ́ kì í sì í tètè jinná. Èrìgì tó ń ṣàìsàn náà tún máa ń jẹ́ kí ṣúgà ṣòro láti ṣàkóso, àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti pa ènìyàn lára.

Àwọn tó ń mu sìgá ló tẹ̀ lé wọn. Sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí èrìgì kù, èyí lè jẹ́ kí àìsàn fara pamọ́, torí èrìgì náà lè má ṣẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ sì ń fi aáṣáà há abẹ́ ètè, èrìgì yín lẹ̀ ń sun níná yẹn.

Àwọn kẹta ni àwọn tó jẹ́ pé àìsàn èrìgì ló yọ eyín wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tó lé onílé àkọ́kọ́ jáde ṣì wà ládùúgbò, ó lè lé èkejì náà. Ẹ tún rántí pé àwọn oògùn kan, tó fi mọ́ díẹ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń jẹ́ kí ẹnu gbẹ, bẹ́ẹ̀ itọ́ wà lára ohun tó ń fọ ẹnu fún wa. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ń lo oògùn tó wà fún kí egungun má baà sọ, ẹ sọ ọ́ fún dókítà eyín kó tó fọwọ́ kan ẹnu yín. Ẹ má fúnra yín dá oògùn kankan dúró.

BÍ Ẹ Ó ṢE MÁA TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti kẹ́ ẹ tó sùn. Tí alẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ mú jù, torí itọ́ máa ń dín kù tí a bá sùn, kòkòrò á sì ráyè. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó le bí ìgbálẹ̀ ọwọ̀. Ẹ dá a tẹ̀ síbi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, kẹ́ ẹ máa yí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, níwájú, lẹ́yìn, àti lọ́dọ̀ ahọ́n. Ẹ̀yìn lọ́dọ̀ ahọ́n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ lò tó ìṣẹ́jú méjì.

Búrọ́ọ̀ṣì ńlá kò lè dé àárín eyín. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tó rí bí èyí tí a fi ń fọ ìgò ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò tóbi ju igi ìṣáná lọ. Wọ́n ń tà á láwọn ilé oògùn ńlá. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bo wáyà àárín rẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè, kó má baà ha irin. Ẹ máa tì í bọ àárín lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ fà á síwá sẹ́yìn. Òwú tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín náà dára, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì eyín kọ́ọ yín bí a ṣe ń lò ó.

Bí oríkèé ọwọ́ bá ń dun àgbà, tí kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú dáadáa, ẹ fi àkísà tàbí fóòmù wé ọwọ́ rẹ̀ kó tóbi. Bí kò bá lè ṣe é rárá, kí ọmọ bá a fọ̀ ọ́. Ẹni tó lè wẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lè fọ eyín fún un.

Omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí dára láti fi yọ́ ẹnu, ó máa ń tu èrìgì tó wú lára. Àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, kò sì lè yọ èyí tó ti le bí òkúta. Dókítà eyín ló ní irinṣẹ́ tó lè há a kúrò lára eyín àgbìn láìha irin. Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí tí èrìgì yín ti ṣàìsàn rí, ó lè ní kẹ́ ẹ máa wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

PÁKÒ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Pákò kò burú. Orín àtà, orín ayán, pákò Ìjẹ̀bú, wọ́n ti ń fọ eyín àwọn baba wa kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé. Ṣùgbọ́n fún ìdí eyín àgbìn, mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe láìrún pákò, ẹ rún un títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́ bí òwú, kẹ́ ẹ rọra fi fọ eyín láì gún èrìgì. Pákò nìkan kò sì lè wọ ẹ̀yìn àti àárín, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kún un.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ má fi eyín ṣí ọtí ẹlẹ́ríndòdò, ẹ má fi pa ẹ̀kùrọ́, ẹ má fi fọ́ eegun. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì tayín. Ẹ má dá omi bátìrì, kẹrosíìnì tàbí àgúnmu tó ń ta sí èrìgì. Mo ti rí èyí tó bó gbogbo inú ẹnu ènìyàn.

Ẹ má sì sáré lọ ra kápúsù ní kẹ́míìsì. Kápúsù kò lè há ìdọ̀tí líle kúrò ní ìdí eyín. Ẹ̀jẹ̀ lè dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rò pé ó ti san, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ lọ lábẹ́.

Ẹ̀YIN ỌMỌ TẸ́ Ẹ SAN OWÓ, ẸYIN ÒBÍ TẸ́ Ẹ NÍ ỌMỌ KÉKERÉ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má kàn san owó eyín, kẹ́ ẹ wá fi ìyá yín sínú bàálù. Ẹ gba ìwé tó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin náà, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, pẹ̀lú fọ́tò egungun. Oríṣiríṣi irin ló wà, irinṣẹ́ tó ń tú ọ̀kan lè má tú èkejì. Bí ìwé yẹn kò bá sí, dókítà tó wà nílé kò ní í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń pè wọ́n lórí fóònù lálẹ́ Sunday, lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹsẹ̀ dídùn, ẹ béèrè èrìgì náà.

Ẹ̀yin òbí, wọn kì í sábà gbin irú eyín yìí fún ọmọ tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Torí náà, bí eyín iwájú ọmọ bá yọ nínú bọ́ọ̀lù tàbí lórí ọ̀kadà, tó sì jẹ́ eyín àgbà, kì í ṣe eyín wàrà, ẹ mú un níbi orí, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi í sínú mílíìkì, kẹ́ ẹ sáré gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín láàárín wákàtí kan. Wọ́n lè dá a padà sípò. Ẹ sì kọ́ wọn ní fífọ ẹnu lálẹ́ láti ìsinsìnyí. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.

IBO NI KÁ LỌ?

Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe dókítà eyín. Iṣẹ́ mi ni láti rí i, kí n sì darí yín. Ará Ìjerò kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ídòó-Èkìtì. Ará Arámọkọ lè gba Ìgèdè àti Ìyìn lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Èkìtì l'Ádòó. Ará Ẹ̀fọ̀n tó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà Iléṣà lè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn eléyín, kẹ́ ẹ má baà rìn lásán.

Yèyé tiwa ńkọ́? A yẹ ṣúgà wọn wò lọ́jọ́ yẹn, ó ga, wọn kò sì mọ̀. Dókítà eyín ya fọ́tò egungun wọn. Ọ̀kan nínú irin méjèèjì, egungun ìdí rẹ̀ ti jẹ jìnnà, wọ́n ní láti yọ ọ́. Wọ́n há ìdọ̀tí ara èkejì kúrò, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, ó sì dúró. Ìgbà tí mo rí wọn kẹ́yìn, ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin kan ló bá wọn wá, ó jókòó tì wọ́n pẹ́kípẹ́kí. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré wọn wà nínú póòsì, wọ́n fà á yọ, wọ́n fi hàn mí. Wọ́n ní, "Owó ọmọ mi kan ti lọ. Èyí tó kù, mi ò ní í jẹ́ kó lọ."

Ẹ lọ wo díńgí yín lálẹ́ òní. Ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ire o.